Kásẹ́ẹ̀tì Mario àti Àkísà Àgbà

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn ní ilẹ̀ wa, ìkíni yìí náà ni ó sì di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wá. Owé tí ó wà ní Kabba, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti àwọn yòókù, Okun ni gbogbo wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í jìnnà sí ètè wa. Ẹni tí ó bá ń ṣe àlejò ojú ewé yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kú àbọ̀. Àwọn tí ó ti ń bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè, orúkọ, aṣọ àti oúnjẹ ni mo sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ṣùtì sí i. Owó ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, aṣọ Bùnú wà nínú rẹ̀, ojú ẹnì kan tí ó ń ṣú lọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹnì kan tí kò jẹ́ kí aráyé mọ orúkọ òun san mílíọ̀nù méjì dọ́là láti ra kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo. Bí àwọn bàbá wa bá kà á, wọn yóò ní ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ni. Super Mario Bros. ni orúkọ géèmù náà. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Rally ni ó ti rà á, àwọn yẹn sì ti kọ́kọ́ rà á ní 140,000 dọ́là ní ọdún 2020. Ọ̀kẹ́ méje di ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀!

Kí ni ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí tí kò sí nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Kò sí nǹkan kan. Nintendo, ilé-iṣẹ́ Japan tí ó ṣe é, ta ju ogójì mílíọ̀nù irú rẹ̀ lọ, eré kan náà ni ó sì wà nínú gbogbo wọn. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí rẹ̀ kò tíì ya. Kò sí ọmọ kankan tí ó fi í ṣeré rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ọ̀kan lọ ní 100,150 dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé gbàǹjo Heritage tí ó wà ní Dallas ta òmíràn ní 114,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Heritage kan náà ta ọ̀kan ní 660,000. Ìtàn ti ìkẹyìn yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ni ín rà á ní ọdún 1986 láti fi ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì. Ìgbàgbé ni ó sọ ọ́ di olówó. Bí ó bá rántí fún ọmọ tí ó ra á fún ni, ọmọ náà ìbá ti ya ọ̀rá rẹ̀ dànù kí ọjọ́ Kérésìmesì tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọ̀rọ̀ iye owó yìí ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Wata ni ó máa ń yẹ irú àwọn kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wò, tí yóò fún wọn ní máàkì bí olùkọ́ ti ń ṣe, tí yóò sì tì wọ́n mọ́ inú ike. Ní ọdún 2022, àwọn kan pè é lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú bí iye náà ti fò sókè. Ẹ̀sùn ni mo pè é o, n kò pè é ní ìdájọ́.

Ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ọdún 1889 ni wọ́n dá Nintendo sílẹ̀ ní ìlú Kyoto. Káàdì oníwèé tí àwọn ará Japan ń ta ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, àwòrán òdòdó ni ó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ọdún 1983 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Family Computer, tí àwọn ọmọ Japan gé kúrú sí Famicom. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 ni Super Mario Bros. tẹ̀lé e. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ni ó ṣètò rẹ̀, Koji Kondo ni ó sì ṣe orin rẹ̀. Ní ọdún 1985 kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n yí àpótí rẹ̀ padà, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn, Nintendo Entertainment System. Ẹ fi ìyípadà àpótí yìí sọ́kàn. Yóò wúlò fún wa níwájú.

Bí géèmù náà ti kéré tó ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo rẹ̀, orin, àwòrán àti ọ̀nà tí Mario ń rìn, kò ju kilobyte ogójì lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yín yà lánàá tóbi jù ú lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Nítorí ààyè tí kò sí yìí, àwọn tí ó ṣe é ṣún un lò bí ìyá tí ń fi ẹran díẹ̀ bọ́ ọmọ mẹ́wàá. Igbó kéékèèké tí ó wà ní ilẹ̀ àti ìkuukùu tí ó wà lójú ọ̀run, àwòrán kan náà ni wọ́n. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà, ọ̀kan di ewé, ìkejì di funfun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wò ó lójojúmọ́ tí n kò rí i.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú, nítorí pé àwọn tí ń ṣe gbàǹjo kì í sábà sọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù fúnra rẹ̀, ìyẹn pé kí a lè yọ eré kan kúrò nínú ẹ̀rọ kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́, ọmọ adúláwọ̀ kan ni ó ṣe olórí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ dé ọjà. Gerald Lawson ni orúkọ rẹ̀, Jerry ni wọ́n ń pè é. Brooklyn ni a bí i sí ní ọdún 1940, ẹnjiníà ni ní ilé-iṣẹ́ Fairchild, ẹ̀rọ Channel F tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe sì jáde ní ọdún 1976, ọdún méje ṣáájú Famicom. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé òyìnbó tàbí àwọn ará Japan nìkan ni ó mọ ìdí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

Ó kù kí n sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1995 ni Bọ̀dá (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n àdúgbò wa ni) ti Èkó dé sí Kabba pẹ̀lú páálí kan tí ó rà ní ọjà Aláàbà. Ìpínlẹ̀ Kogi kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti yọ wá kúrò lára Kwara. Iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kan sórí àga, ó tẹ́ ẹní, ó sì gbé aago kan sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Náírà márùn-ún ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí NEPA bá mú iná lọ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìjà dé.

Obìnrin méjì péré ni wá láàárín àwọn ọmọ tí ń lọ síbẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n máa ń rán mi lọ rà. Iyọ̀ Kabba wọ́n púpọ̀ nígbà náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Gbogbo wa ni a gbà pé Nintendo ni ẹ̀rọ Bọ̀dá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí a ń rí ní ilẹ̀ wa ní ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Taiwan àti Ṣáínà ni ó wo Famicom tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó gbogbo ọpọlọ rẹ̀ sínú ṣíìpù kan ṣoṣo, ìyẹn ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà. Ẹ má yára bú wọn. Famicom ojúlówó ti Japan kò bá tẹlifíṣọ̀n wa mu rárá: ètò NTSC ni Japan ń lò, PAL ni ti Nàìjíríà. Bí ẹnìkan bá ru ojúlówó wá láti Tokyo sí Kabba, àwòrán rẹ̀ kò ní dúró dáadáa. Àwọn tí ń ṣe ayédèrú ni ó tún un ṣe fún tẹlifíṣọ̀n àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo PAL. Bí kò bá sí ayédèrú, àwa kì bá tí mọ Mario rárá.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà tún jẹ́ ìran wíwò. Ara ọ̀kan ni a ti kọ ọ́ pé géèmù 9,999,999 wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi wá ìgbà tí ọmọ ènìyàn yóò ta èyí tán. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, géèmù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó ń yí padà lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Mario kan náà ni; nọ́ńbà kan yóò bẹ̀rẹ̀ láti ayé kìn-ín-ní, nọ́ńbà mìíràn láti ayé kẹta. Bọ̀dá a máa fi í ṣe ìpolówó, olóòótọ́ sì ni, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ó ń kà.

Nítorí pé ojú ewé èdè ni èyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Páàdì ni ohun tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ìlà idẹ tí ó wà ní ìdí kásẹ́ẹ̀tì, eyín ni a ń pè é. Bí géèmù kò bá dá, a ó ní eyín rẹ̀ dọ̀tí, a ó sì fẹnu fẹ́ ẹ. (Nintendo fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má fẹ́ ẹ, nítorí pé itọ́ a máa mú kí idẹ náà dípẹtà. Ta ni yóò sọ fún wa?) Ọ̀tá ńlá tí ń dúró ní ìparí sítéèjì, ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé a kò sọ pé láìfù. Ẹ̀mí ni a ń sọ. "Ẹ̀mí mélòó ni ó kù fún ọ?" "Ẹ̀mí kan ni ó kù fún mi." Mo sọ ọ́ lójú oorun lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá mi gbọ́, ó dìde, ó sì fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e.

Nínú eré ayò, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ. Orúkọ wọ̀nyí náà ni àwọn àgbà tí ń jókòó níta yàrá Bọ̀dá fún wa, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀ta Kọ́ńtírà ni ọmọkùnrin kan tí ó máa ń wọ ṣòkòtò iléèwé wá lọ́jọ́ Sátidé. Òun ni ó mọ ọfọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní ìgbà wa mọ ọfọ̀ tí mò ń sọ: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ pé, ẹ̀mí mẹ́ta yóò di ọgbọ̀n. Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Konami, ni ó kọ́kọ́ fi í sínú géèmù Gradius ní ọdún 1986 kí òun lè rí ọ̀nà dán iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nítorí pé eré náà le jù fún un. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2020. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ Okun máa ń pa ojú dé kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ òun.

Ní ìparí ọdún 2021 ni Bọ̀dá pè mí lórí fóònù. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti pa iṣẹ́ géèmù tì tipẹ́, oko ni ó ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ka ìròyìn mílíọ̀nù méjì dọ́là náà sí i létí. Mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò kí gbogbo yín lè kà á:

"Àbúrò mi, ìwọ ni o wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ra Mario ní iye yẹn?"

"Òótọ́ ni, Bọ̀dá."

"Mario mẹ́ta ni mo ní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

N kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ó mú un béèrè. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ṣú, ti òsì ń tẹ̀ lé e. Dókítà ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni yóò là á, ó sì ti dárúkọ iye tí yóò ná an. Àgbàdo ọdún náà kò mú owó náà wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè mú un wá.

Mo sọ fún un pé n óò wálé fún Kérésìmesì, pé n óò wò wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, mo ka gbogbo ohun tí mo lè rí kà nípa bí àwọn olówó wọ̀nyí ti ń díwọ̀n nǹkan. Bí mo ti ń kà á ni inú mi ń bàjẹ́. Wọ́n ń wo ọ̀rá: ṣé ti ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí ti ẹ̀yìn? Àwọn kan tí ó ṣáájú kò tilẹ̀ ní ọ̀rá, sítíkà kékeré ni wọ́n fi lẹ páálí wọn pa. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn páálí bóyá ìwé líle tí a fi ń gbé e kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń wo igun páálí bóyá ó tẹ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti béèrè pé ta ni ó ta á, ta ni ó parí rẹ̀.

Mo ronú nípa èyí gidigidi, nítorí pé nínú ọjà mìíràn tí mo mọ̀ díẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe. Àwọn òyìnbó tí ń ra iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, bí ẹ bá gbé ọpọ́n ayò tuntun lọ fún wọn, wọn yóò ní ti àwọn arìnrìn-àjò ni. Ibi tí ọwọ́ ti kan igi títí tí ó fi dán ni wọ́n ń wá. Ihò méjìlá tí ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ti ń wọ̀ tí ó ń jáde fún ogójì ọdún. Lílò ni ó ń sọ ọ́ di ojúlówó lójú wọn. Kí ni ó dé tí lílò fi ń sọ ọpọ́n ayò di iyebíye tí ó sì ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di ohun ìdànù? Eré ni àwọn méjèèjì.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọpọ́n ayò ṣoro láti rí méjì tí ó jọra, pé kásẹ́ẹ̀tì ti jáde ní mílíọ̀nù. Òtítọ́ ni. Ohun tí ó bá pọ̀, èyí tí kò ní àbùkù ni yóò wọ́n. Ó tún lè sọ pé àwa náà a máa tọ́jú ohun tí a kì í lò, kí ó sì tọ́ka sí aṣọ ìpò ti Bùnú fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ pupa ni, aṣọ ìsìnkú àwọn olóyè àti ẹni ńlá. Elisha Renne tí ó kọ ìwé lórí aṣọ Bùnú, Cloth That Does Not Die, ní ọdún 1995, sọ bí àwọn obìnrin Bùnú ti máa ń tú fọ́nrán pupa lára búláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn kí wọ́n lè rí i hun. Inú àpótí ni aṣọ náà ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ró o lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ jáde, tí gbogbo ìlú yóò rí i, nítorí ọjọ́ náà ni a sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mario inú ọ̀rá kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá jáde ni iye rẹ̀ ṣubú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ṣàlàyé òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọdún náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ó ka àkísà sí ohun ìní.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, Bọ̀dá fa páálí náà jáde. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, ẹ̀rọ kan, páàdì méjì tí okùn ọ̀kan ti já. Mo tú ìdè kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lójú rẹ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe lè dá wọn mọ̀ bí ẹ bá ní tiyín nílé: inú ojúlówó, ẹ óò rí àwọn ṣíìpù onígun mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn jáde lọ́tùn-ún lósì, tí orúkọ wà lára wọn. Inú ayédèrú, ohun dúdú kan tí ó rí roboto bí ẹ̀kán ọ̀dà ni ẹ ó sábà rí, kò ní orúkọ, kò ní ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀dà dúdú. Eyín wọn jẹ́ ọgọ́ta gẹ́gẹ́ bí ti Famicom, wọ́n sì ti dípẹtà nítorí èémí wa.

Ẹ̀kọkànlá nìkan ni ó yàtọ̀. Ó tóbi, àwọ̀ eérú ni ó ní, Super Mario Bros. àti Duck Hunt ni ó wà lára rẹ̀. Ojúlówó Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí ẹ̀rọ láti ọdún 1988. Eyín méjìléláàádọ́rin ni ó ní. Ẹ rántí ìyípadà àpótí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ti Amẹ́ríkà kì í wọ ẹ̀rọ tí a ṣe bí ti Japan. Ọmọ ìlú kan tí ó ti òkè òkun dé ni ó fi ta Bọ̀dá lọ́rẹ. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé, ó sì wà nínú páálí láti ìgbà náà.

"Èló?" ni Bọ̀dá béèrè.

Mo sọ fún un. Mẹ́wàá náà, kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n ní gbàǹjo rárá. Aláwọ̀ eérú yẹn, nítorí pé ó ti kúrò nínú páálí tirẹ̀ tí irú rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn, iye oúnjẹ ènìyàn méjì ní Amẹ́ríkà ni, kí a tó san owó tí yóò gbé e dé ọ̀hún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó gbé Kọ́ńtírà, ó fi ìka wá igun kan tí ó jóná lára rẹ̀, nítorí pé kò rí i dáadáa. "Ẹ rántí ẹni tí ó fi kọ́ìlì ẹ̀fọn jó èyí lọ́jọ́ tí iná lọ?"

Mo rántí. Mo ya àwòrán igun náà, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn tí a jọ dàgbà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí ó jó o ti pè láti Àbújá. Òun ni ọ̀ta tí mo sọ fún yín, oníṣòkòtò iléèwé. Ó ti di ẹni tí ń tún lífìtì ṣe. Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ni ó san fún Kọ́ńtírà náà, ó ní kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja ra oní-9,999,999. Mẹ́rin mìíràn tún lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olúkúlùkù sì mọ èyí tí òun ń béèrè: èyí tí wọ́n fi orúkọ kéékèèké họ lẹ́yìn, èyí tí ìwé ara rẹ̀ ti ṣí. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé díẹ̀ ní ìdajì ohun tí ilé ìwòsàn béèrè. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá èyí tí ó kù. Wọ́n ṣe ojú òsì ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì ń fi í ka Bíbélì títí di òní. Ọ̀tún ti pẹ́ jù, dókítà kò lè ṣe é.

Ẹnikẹ́ni kò béèrè aláwọ̀ eérú náà. Mo sọ fún Bọ̀dá pé òun nìkan ni ó ní iye lórí nínú gbogbo ẹrù rẹ̀, pé kí ó jẹ́ kí n bá a wá ẹni tí yóò rà á. Ó ní kí n máa mú un lọ, ó ṣáà kọ̀ láti wọ ẹ̀rọ òun láti ọjọ́ yìí wá. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí, eyín rẹ̀ méjìléláàádọ́rin mọ́ toní. Okun o.